Ahọ́n Ni Mo Fi Ń Tọ́ Tìróò Wò

Tìróò wà lórí ahọ́n mi nígbà tí fóònù mi dún. Mo ti ki ìka bọ inú igbá, mo bu ìyẹ̀fun dúdú náà sẹ́nu, mo sì ń fi eyín iwájú lọ̀ ọ́ láti mọ̀ bóyá ó ti kúnná. Ohùn tíṣà ọmọ mi ni mo gbọ́: "Ìyá Àríkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé ìwé. Àríkẹ́ já bọ́ láti ojú fèrèsé."

Mi ò tutọ́. Mo gbé tìróò náà mì, mo sáré jáde. Gbogbo ọ̀nà tí mo sáré gbà, ọmọ mi ni mò ń rò, mi ò ro ti ohun tí mo gbé mì. Kí ni ká rò nípa rẹ̀? Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé e mì.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí, mo sì ti fẹ̀yìntì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń fẹ̀yìntì pẹ̀lú irun funfun. Tèmi ṣì dúdú kirikiri, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, mo sì ti pa á tì pátápátá. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì pé iṣẹ́ wo ni ká kọ́, ẹ wá gbọ́ tèmi. Ẹ máa rí omi ojú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn ẹni tó ṣẹ́gun ni.

Bí mo ṣe parí ìdánwò àṣejáde ni màmá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìwó ní Òkè-Àfà. Ìwó ni obìnrin náà ti wá, orúkọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Ẹ̀yìnkùlé ilé tó ń gbé ni ó ń ti lọ tìróò, lábẹ́ páànù kan tó jó níbi méjì, àwọn obìnrin a sì wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Bọ́ládé. Màmá mi kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó parí. Ti owó tó ń wọlé nídìí iṣẹ́ náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: a jẹun, a wọṣọ.

Ẹni tí kò bá mọ tìróò láti ìpìlẹ̀ yóò rò pé inú ike kékeré ló ti ń hù. Òkúta ni. Ó máa ń dán bíi dígí tó fọ́, ó sì wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Bí wọ́n bá gbé èyí tó tó ẹyin adìẹ lé ọ lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ yóò rẹlẹ̀. A máa gún un nínú odó irin, a máa lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, a máa fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́, a tún máa dá èyí tí kò kúnná pa dà sórí ọlọ.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ìyá Ìwó fi gbé mi sí ìdí odó, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọlọ. Ọjọ́ tí mo débi ọlọ, mo lọ̀ ọ́ láti àárọ̀ dé ìgbà tí wọ́n ń kírun ìrọ̀lẹ́. Ó bu ú, ó wò ó, ó dà á pa dà sínú odó.

"Ṣé ata lo rò pé ò ń lọ̀ ni?"

"Ẹ máà bínú, mà."

"Ojú èèyàn ni wọ́n fẹ́ lé èyí sí, Síkírá! Ojú! Tí ata kò bá kúnná, èèyàn á jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa jẹ ojú bẹ́ẹ̀?" Ó fi oríkèé ìka gbá mi lórí. "Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Tún un lọ̀."

Ọjọ́ yẹn ló kọ́ mi ní àṣírí iṣẹ́. Ó ní ọwọ́ ń purọ́, torí pé ọwọ́ ẹni tó bá ti le kò ní mọ iyanrìn mọ́. Ó ní ojú ń purọ́, torí pé òòrùn ń tàn án jẹ. "Ahọ́n kì í purọ́," ó wí. Ó bu ìyẹ̀fun náà sẹ́nu tirẹ̀, ó fi eyín lọ̀ ọ́, ó tẹ́tí bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn láti ọ̀nà jíjìn. "Ó ṣì ń dún. Bù ú sẹ́nu kí o gbọ́." Mo bù ú. Lóòótọ́, ó ń dún ríni-ríni láàárín eyín mi. Láti ọjọ́ náà, kò sí igbá tìróò kan tó kúrò lọ́wọ́ mi tí ahọ́n mi ò kọ́kọ́ fọwọ́ sí.

Obìnrin náà le. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ kí a tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù mi, mo sì tún dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, torí pé mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mi ò gbọ́ "o káre" lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá. Bí iṣẹ́ bá dára, á ní "ẹ́ẹ̀n." Bí kò bá dára, gbogbo Òkè-Àfà ló máa gbọ́.

Ọdún tí mo lóyún Àríkẹ́ ni ẹ̀rọ dé. Ẹ̀rọ tó ń lo iná, tó ń lọ nǹkan bí ìjì. Ohun tí ọlọ ń fi odidi ọjọ́ ṣe, ẹ̀rọ yìí á ti ṣe é kí èèyàn tó jẹ ẹ̀kọ tán. A jó! Ìyá Ìwó fúnra rẹ̀ jó. Ìyẹ̀fun rẹ̀ kúnná débi pé kò bọ́ sínú igbá mọ́, ńṣe ló ń fò. Ó wà lórí aṣọ, ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀, ó wà nínú imú. Bí mo bá sín, dúdú ni. A ní kò burú, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ epo, epo ni yóò máa yí lára.

Lọ́jọ́ kan tí oyún mi ti pé oṣù méje, ìdérí ẹ̀rọ ṣí lójijì, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ tú jáde lé mi lórí. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ẹyinjú mi àti eyín mi nìkan ló kù tó funfun. Ìyá Ìwó pariwo, ó sáré wá, ó rí i pé mi ò fara pa, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ó pọn omi, ó wẹ̀ mí bí ọmọ tuntun, ó ní, "Ọmọ inú ẹ yìí á lẹ́yinjú o, ó ti lé tìróò kó tó dáyé." Mo máa ń rántí ẹ̀rín yẹn. Kò sí ìkà nínú rẹ̀. A ò mọ̀ ni.

Oṣù kẹjọ kò tíì pé tí mo bí Àríkẹ́. Ó kéré bí ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ó yè, ó sì ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Ìyá Ìwó mú èyí tó kúnná jù wá, ó lé e sí ọmọ lójú kó lè ríran jìnnà. Láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ tí mi ò lé tìróò fún un.

Ẹ ò tíì rí ọmọ bí Àríkẹ́. Kò rìn, ó sáré. Bí mo bá rán an níṣẹ́ pé kó ra iyọ̀ wá, á pa dà wá pẹ̀lú ọmọ ológbò. Bí ó bá ń sọ ìtàn, àárín ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kò sì ní parí rẹ̀ kó tó mú òmíràn. Láràárọ̀, á wọ bàtà kan, á gbàgbé ìkejì, á ti wà ní ẹnu géètì. Mo ti sọ̀rọ̀, mo ti bẹ̀bẹ̀. Mo ti nà án pẹ̀lú. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo na ọmọ mi nítorí ohun tí kò lágbára lé lórí, ìyẹn sì ń dùn mí ju ohunkóhun lọ nínú ìtàn yìí.

Àwọn ará ilé ní tiwọn. Ẹni tí a jọ ń lo balùwẹ̀ ní, "Ìyá Àríkẹ́, ẹ máa kọ́ ọmọ yín lẹ́kọ̀ọ́ ilé o." Ẹlòmíràn ní súìtì tó ń jẹ ló fà á. Ìyá ọkọ mi bi mí tìfura-tìfura: "Nígbà tí o fi wà nínú oyún rẹ̀, ṣé o máa ń fi píìnì sí aṣọ kí o tó jáde lọ́sàn-án gangan?" Mo ní ìgbà míràn mo máa ń gbàgbé. Ó mi orí, ó ní, "Ẹ́ẹ̀n-ẹ́n."

Ọjọ́ tó já bọ́ yẹn, alángbá ló ń lé. Ó gun fèrèsé kíláàsì tẹ̀lé e, ó sì já sí ìta. Iwájú orí rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ó sì ń bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé alángbá náà ti lọ?" Ọ̀gá ilé ìwé pè mí sẹ́yìn. Kò pariwo, ìyẹn ló jẹ́ kó burú.

"Ìyá Àríkẹ́, ọmọ yín gbọ́n. Ṣùgbọ́n kò gbélẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí àwọn tó kù gbélẹ̀. Tí táàmù yìí bá parí tí kò sí àyípadà, ẹ wá ilé ìwé míràn fún un."

Ilé ìwé kejì ni èyí. Àkọ́kọ́ ti lé e. Mo mọ̀ pé bí èyí bá tún lé e, ọmọ mi yóò gbà pé èèyàn burúkú ni òun, ọmọ ọdún méje.

Wọ́n rán egbò náà nílé ìwòsàn. Dókítà obìnrin tó rán an kò kan tẹjú mọ́ egbò nìkan. Ó ń wo bí Àríkẹ́ ṣe ń tú bírò rẹ̀ palẹ̀, tó ń béèrè ìdí tí òrùlé fi funfun, tó sì ń fẹ́ bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fún wa ní ìwé ìbéèrè nípa ìwà ọmọ náà tí èmi àti ọkọ mi máa dáhùn, ó fún wa ní ti tíṣà náà, ó ní ká pa dà wá lọ́jọ́ kẹrin.

Lọ́jọ́ kẹrin, gbogbo wa lọ: èmi, Àríkẹ́, Wàsíù ọkọ mi tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, àti ìyá ọkọ mi tó ní a ò lè lọ láìmú òun dání. Dókítà ka àwọn ìwé náà. Ó ní ohun tó ń ṣe Àríkẹ́ ní orúkọ, ADHD ni wọ́n ń pè é. Ó ní ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣòro fún láti dúró lójú kan, láti fọkàn sí nǹkan kan, àti láti dá ara rẹ̀ dúró kó tó fò.

Mo bi í léèrè: "Dókítà, kí ni mo ṣe?"

"Ìyá wo ló wá síbí tí kò bi mí bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe súìtì. Kì í ṣe àìkọ́mọ."

"Píìnì ńkọ́?" ìyá ọkọ mi wí.

"Màmá, kì í ṣe píìnì. Ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí yín tó rí báyìí rí?"

Ní àkókò náà, Wàsíù ti dìde lẹ́ẹ̀kẹta láti lọ wo ìdí tí fáànù ilé ìwòsàn náà fi ń dún. Ìyá rẹ̀ nawọ́ sí i.

"Dókítà, èyí tí ẹ ń wò yìí? Okùn ni mo fi ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kó tó lè jẹ oúnjẹ tán!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Wàsíù náà rẹ́rìn-ín, ó pa dà wá jókòó. Dókítà ní èyí gan-an ló wọ́pọ̀ jù, pé ó máa ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Ó béèrè bóyá mo mu ọtí tàbí sìgá nínú oyún. Mo ní rárá. Ó béèrè bóyá ọmọ náà ti forí gbá rí kó tó di pé ó já bọ́. Rárá. Ṣé oṣù rẹ̀ pé? Mo ní kò pé, ó sì kéré. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ìyẹn náà lè wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ìpéǹpéjú Àríkẹ́.

"Kí lẹ lé sí i lójú?"

"Tìróò ni. Iṣẹ́ mi ni. Èmi ni mo ń lọ̀ ọ́." Mo tilẹ̀ fi ìgbéraga sọ ọ́.

Ó mú dígí kékeré kan jáde. "Ẹ la ẹnu. Ẹ wo ìdí eyín yín." Mo wò ó. Ìlà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà létí ẹran eyín mi, ó yí eyín kọ̀ọ̀kan po, bí ìgbà tí èèyàn lé tìróò sí i. Mo ti ń rí i tipẹ́. Mo rò pé ẹwà ni. Dókítà ní òjé, májèlé tí òyìnbó ń pè ní lead, ló wà nínú òkúta tìróò wa, òjé sì ni èyí tó dé ìdí eyín mi. Ó ní bó bá wọ ara aboyún, ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Bó bá wọ ara ọmọdé, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, ó sì wà lára àwọn nǹkan tó lè jẹ́ kí ọmọ rí bí Àríkẹ́ ṣe rí. Ó gba ẹ̀jẹ̀ wa. Nígbà tí èsì dé, òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ Àríkẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Tèmi tún ju tirẹ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn: ẹ̀rọ, eruku, ẹ̀rín, omi tí Ìyá Ìwó fi wẹ̀ mí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sunkún, mo ní, "Èmi ni mo ṣe é. Ahọ́n mi ni mo fi ṣe é."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ síwájú mi. "Mi ò lè sọ pé èyí ni, àfi bí mo bá fẹ́ purọ́ fún yín. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó lè jẹ́ oṣù tí kò pé. Ó lè jẹ́ òjé. Ó lè jẹ́ gbogbo wọn pọ̀. Ẹ ò lè pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ bàbá, ẹ ò sì lè dá oṣù oyún pa dà. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín yọ. Ẹ lọ yọ ọ́."

Wàsíù gbé mi dìde. "Síkírá, má dá ẹ̀bi jẹ. Ìpín tèmi wà níbẹ̀." Kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ọkùnrin yẹn sọ fún mi rí tó dùn tó èyí.

Mo lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi lọ́jọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi dé ìparí, ó sì gbaná jẹ.

"Ìyá mi lọ tìróò! Ìyá ìyá mi lọ tìróò! Ta ló ya wèrè nínú wọn? Mo kọ́ ẹ níṣẹ́ tán, o wá kọ́ mi. Dìde níwájú mi!"

Mi ò dìde. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ahọ́n kì í purọ́. Eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú dígí yín."

Ó wò mí títí. Ó mú dígí tó fi ń lé tìróò, ó ya ẹnu. Ìlà tirẹ̀ nípọn ju tèmi lọ. Ó fi èékánná họ ọ́, kò kúrò. Ó fi etí ìró nù ún, kò kúrò. Ó jókòó sórí odó, ó gbé ọwọ́ lé inú rẹ̀, inú tó ti ń run ún láti ọdún gbọọrọ, tí kò sí àgbo tí kò tíì mu sí i. Ó béèrè pé, "Ibo ni ilé ìwòsàn náà wà?"

Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ. Òjé tí wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n dá a dúró síbẹ̀ fún ìtọ́jú. Ọjọ́ tó pa dà délé, a fi omi nu ẹ̀yìnkùlé náà láti òkè dé ilẹ̀. A ò gbá a, torí pé ìgbálẹ̀ á tún jí eruku rẹ̀ dìde. A di òkúta tó kù sínú àpò, a so ó pinpin, a kó o lọ fún àwọn tí dókítà júwe fún wa. Ìyá Ìwó tú ẹ̀rọ rẹ̀ palẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi lọ ata. Lẹ́yìn náà ló ní ká lọ sí Bọ́ládé.

Ó dúró níbi tó ti ń tajà láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé. Oníbàárà kan dé: "Ìyá Ìwó, a ò rí yín. Tìróò dà?"

"Tìróò ti kú."

"Hàà! Kí ló pa á?"

Ìyá Ìwó na ọwọ́ sí mi. "Ọmọ iṣẹ́ mi nìyí, òun ló pa á. Àwọn ọmọ ẹ tí o máa ń lé e fún, mú wọn lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀." Ó yíjú sí mi níwájú gbogbo èrò: "Síkírá, o káre."

Ọdún mẹ́rìndínlógún! Ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ títí mo fi délé.

Iṣẹ́ tó kù wà nílé ìwé. Tíṣà Àríkẹ́, Àǹtí Bùkọ́lá, ọmọ Èkìtì tí kò ju ọmọge lọ, gba ìwé tí dókítà kọ, ó sì kà á bí ẹni ń ka Bíbélì. Ó gbé Àríkẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wá síwájú. Ó ń fún un ní iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá rí i pé ara rẹ̀ ti ń hó, á ní kó pín ìwé, kó nu pátákó. Nílé, èmi náà kọ́ bí a ṣe ń sọ ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí n sì dúró kó ṣe é tán. Mi ò nà án mọ́.

Ìparí táàmù, ọ̀gá ilé ìwé ní kí Àríkẹ́ wá kàwé sí òun létí. Èmi àti Wàsíù jókòó lẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó ń ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì, ó ń yí ara, ọ̀gá sì ṣí ẹnu láti ní kó dúró jẹ́ẹ́. Àǹtí Bùkọ́lá ní, "Ẹ jẹ́ kó máa mi, mà. Ẹ kàn gbọ́ ohun tó ń kà." Ó kà á dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ó ṣí òdìkejì, ó tún bẹ̀rẹ̀ èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní kó kà. Ọ̀gá ilé ìwé bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ má wá ilé ìwé kankan mọ́. Ibí ni ilé ìwé rẹ̀."

Mo kígbe débi pé àwọn ọmọ kíláàsì kejì yọjú wò wá.

Òjé ti ń lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Dókítà ti sọ fún mi pé ìyẹn kò ní sọ Àríkẹ́ di ọmọ míràn, kò sì sọ ọ́ dà. Ó ṣì ń lé alángbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ kọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá, ẹ farada ìyà ìdí iṣẹ́, kí ẹ sì béèrè ohun tó wà nínú ohun tí ọwọ́ yín ń lọ̀. Igi gànganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Bí a ṣe délé lọ́jọ́ ìwé kíkà náà, Àríkẹ́ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó bi mí léèrè láìgbójú sókè: "Mọ́mì, ṣé tìróò yín ló jẹ́ kí n rí báyìí?"

Mo jókòó tì í. Kí n tó dáhùn, ó ní, "Ẹ yọ ahọ́n yín kí n wò ó." Mo yọ ọ́. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó fi ìka kàn án. "Ó ti pupa!"

"Ó ti pupa," mo wí. "Ahọ́n yìí kò mọ ohun tó fà á, Àríkẹ́, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ dájú pé ìwọ kọ́ lo fà á. Ó yá, lọ wá bàtà kejì, ká lọ sọ fún Ìyá Ìwó pé o kàwé."